Ohùn Tíṣà àti Ìbéèrè Kẹta

Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Àǹtí Ó-Ṣeé-Ṣe ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí wọ́n bá pe ojúlówó orúkọ rẹ̀ ní bánkì, ẹlòmíràn ló máa ń wò pé kó dìde. Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ló ń ṣe. Bí ènìyàn bá gbé fóònù tó ti mu omi, tó ti já láti orí àtẹ̀gùn, tí táyà ọkọ̀ sì tún ti gun orí rẹ̀ wá bá a, ohun àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ó ṣeé ṣe.” Nígbà mìíràn kì í ṣeé ṣe o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n onífóònù á ti rí àga jókòó, á ti mí kanlẹ̀, kó tó wá gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Obìnrin yìí gbà pé àánú ni ìyẹn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín bábà tó ń gẹ irun àti ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Bàbá rẹ̀ ló ni ín tẹ́lẹ̀, rédíò ló sì ń tún ṣe níbẹ̀ títí tó fi kú. Tábìlì bàbá náà ni obìnrin yìí ṣì ń lò, òjé gbígbóná ti jó ojú rẹ̀ káàkiri. Iná ọlọ́rùn wíwọ́ kan wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú awò ńlá kan tó máa ń tẹ̀ mọ́ ojú ọ̀tún, àti agolo mílíìkì mẹ́fà tó ń kó skúrù sí. Skúrù fóònù kan kì í bá ti òmíràn mu, ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà.

Lẹ́yìn àga rẹ̀, níbi tí ojú oníbàárà máa kọ́kọ́ dé, ó lẹ páálí kan mọ́ ògiri. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Kí ni nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí fóònù yín? Síìmù yín dà? Kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ pàdánù?

Ìbéèrè kẹta yẹn ní ìtàn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó nu inú fóònù alápatà kan mọ́ tónítóní torí pé ó ń lọ́ra, gbogbo nọ́ńbà àwọn oníbàárà ọkùnrin náà sì bá a lọ. Alápatà dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọwọ́ lé orí, ó ní òun kò mọ nọ́ńbà ìyàwó òun pàápàá lórí. Láti ọjọ́ náà, kódà bí ó bá jẹ́ ìdọ̀tí inú ihò ṣájà lásán ni ènìyàn ní kó bá òun yọ, Àǹtí Ó-Ṣeé-Ṣe á gbé ojú sókè, á béèrè ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù. Wọ́n á ní, “Àǹtí, ihò ni mo ní kí ẹ bá mi nù o!” Á ní kí wọ́n dáhùn ná. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló bá a kọ páálí náà. Ẹ̀gbọ́n yìí ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà, torí pé ọdún márùndínlógójì gbáko ló fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ti kọ́kọ́ fi bírò kọ ọ́ wúruwùru, Tíṣà rí i, ó ní òun kò lè jókòó síwájú irú ìkọkúkọ bẹ́ẹ̀, ó sì fi yíǹkì pupa tún un kọ ní lẹ́tà gbàgàdà-gbagada. Ọdún méjìlá ló fi ju àbúrò lọ. Òun ló rán an níléèwé nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló sì ní kó má ta tábìlì rédíò náà. Kò sí ohun tí ẹ̀gbọ́n yìí lè bẹ̀ ẹ́ fún tí Àǹtí Ó-Ṣeé-Ṣe á fi “rárá” dáhùn.

Ohùn ni Tíṣà ní. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ga, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń ti iwájú kíláàsì dé òpin pápá, kò sì ní pariwo. Bí àwọn ọmọ bá ń sọ ìsọkúsọ sí ara wọn, á rọra sọ fún wọn pé, “Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.” Kíláàsì á pa lọ́lọ́. Àwọn tó ti di bàbá ọmọ lónìí ṣì ń sín in jẹ.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Àwọn dókítà wò ó, wọ́n tún un wò, wọ́n ní bí ó bá fẹ́ pẹ́ láyé, àfi kí àwọn gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọ́ àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ló wá fi áàpù kan hàn án kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Ó ní kí ó máa ka gbólóhùn sínú fóònù, ọ̀ọ́dúnrún gbólóhùn ó lé àádọ́ta, áàpù náà á kọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí ó bá ti tẹ ọ̀rọ̀, fóònù á fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́ jáde.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Tíṣà fi ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé kí ariwo ọkọ̀ má baà wọlé, tó ń ka gbólóhùn tí kò nítumọ̀. “Àga pupa náà ti lọ sókè.” “Mélòó ni ẹyin tó wà nínú bàtà?” Inú bí i sí ẹni tó kọ gbólóhùn wọ̀nyẹn ju bí inú ṣe bí i sí àìsàn lọ. Ó tẹ̀ wọ́n jáde, ó fi yíǹkì pupa sàmì sí àṣìṣe inú wọn, ó fún ẹni náà ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ó kà á tán.

Ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí ojú egbò jinná, tí Tíṣà tẹ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ wà ní kíṣíìnì, ó sì dáhùn “Sà!” kó tó rántí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ sínú abọ́ tó ń fọ̀. Láti ìgbà náà, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń gbé ní ìlú mìíràn, á pe fóònù ìyàwó Tíṣà tó bá ti ilé-ìwé dé. Lọ́yà ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í bá ni jà sí. Tíṣà á gbé fóònù tirẹ̀ sún mọ́ ti ìyàwó rẹ̀, á sì máa fi ohùn rẹ̀ sọ ìtàn fún un. Ọmọ náà kò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ó kàn sọ fún ìyá rẹ̀ pé bàbá àgbà kì í kánjú sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe áàpù yẹn ti kógbá sílé. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù orí fóònù tí gbogbo ayé ti ń gba áàpù. Ó ṣì wà lórí fóònù Tíṣà, kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àfi ìgbà tí fóònù náà dédé gba àpdéètì, tó tún ara rẹ̀ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí wọ́n ti máa ń ṣe láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Láti ọjọ́ náà, Tíṣà á tẹ ọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, “Ní ọjọ́ kan, ológbò kan…” áàpù á sì pa dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni Lọ́yà fi gbọ́ nípa ológbò yẹn tí kò sì mọ ohun tó ṣe é.

Ní Ọjọ́bọ̀, lọ́sàn-án, Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Ó-Ṣeé-Ṣe kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó síwá sẹ́yìn.

“Bọ̀dá mi, ẹ fọkàn balẹ̀,” ló wí. “Ó ṣeé ṣe.”

Tíṣà kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Èdè tí àwọn méjèèjì ti ń sọ láti ọsibítù nìyẹn, kí ẹ̀gbọ́n tó lè máa fi fóònù sọ̀rọ̀: ẹ̀ẹ̀kan ni bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni rárá.

Ìyàwó Tíṣà ní òun fẹ́ ra oògùn ní òdìkejì títì, òun máa tó padà. Ó kù ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Ìyàwó Tíṣà ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún Àǹtí Ó-Ṣeé-Ṣe lórí fóònù, òun náà sì ti pe nọ́ọ̀sì ọjọ́sí láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì ní ẹnì kan tó ń lo irú áàpù kan náà ti gbé ẹ̀yà tuntun rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tó ti tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù orí fóònù o, ìta ni. Àbúrò dánlódù rẹ̀, ó tú u wò, ó rí i pé ẹyọ mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibí yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, odindi ni áàpù máa ń wá. Nísinsìnyí, àwọn tó ń ṣe é máa ń tú u sí wẹ́wẹ́ bí bẹ́ẹ̀dì tí káfíńtà tú palẹ̀ kó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé: ìpìlẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó bá ọpọlọ fóònù mu lọ́tọ̀, èyí tó bá ojú rẹ̀ mu lọ́tọ̀, ti èdè lọ́tọ̀. Bí ènìyàn bá gbà á ní ṣọ́ọ̀bù orí fóònù, ṣọ́ọ̀bù náà á ti bá a ṣà á láìsọ̀rọ̀. Bí ó bá gbà á níta, òun fúnra rẹ̀ ni káfíńtà.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ dán an wò bóyá ìpìlẹ̀ nìkan á tó. Ó rí fóònù àlòkù kan nínú dúrọ́ọ̀, ó fi sí orí ìyẹn. Áàpù ṣí, ojú rẹ̀ funfun báláú, ó sì kú. Ó wá áàpù mìíràn tó máa ń to ẹyọ-ẹyọ pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà, ó fi sórí fóònù Tíṣà. Ó ṣa ẹyọ mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù kọ̀. Ẹyọ tó bá ọpọlọ fóònù àtijọ́ mu ló ṣà fún fóònù tuntun. Ó ṣa òmíràn. Gbogbo ìgbà yìí, Tíṣà jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún, ó ń wo awò tó wà lójú àbúrò rẹ̀. Ẹnu ẹni tó jókòó yẹn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rò ó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹyọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tọ́. Fóònù rò ó díẹ̀, ó wá kọ ọ́ sójú pé kò lè wọlé, ó ń tako èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àǹtí Ó-Ṣeé-Ṣe rẹ́rìn-ín músẹ́. Èyí kò ṣàjèjì sí i. Áàpù kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe é lára, ẹni tó sì to ti ìta yìí pọ̀ ti fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ lù ú. Fóònù kì í gbà kí ẹni tó gbé òǹtẹ̀ mìíràn wá jókòó sórí àga ẹni àkọ́kọ́. Gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ oògùn rẹ̀: lé ẹni àkọ́kọ́ dìde, kí ẹnì kejì jókòó. Ó ti ṣe é fún bábà, ó ti ṣe é fún aṣẹ̀dà-ìwé, ó ti ṣe é tó ìgbà ọgọ́rùn-ún.

Ó wo aago. Agogo mẹ́rin ku ogójì ìṣẹ́jú. Lọ́yà máa tó pè.

“Bọ̀dá mi,” ló wí, “wọ́n ní àfi kí n yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò kí tuntun tó lè wọlé. Ṣé kí n yọ ọ́?”

Ká ní oníbàárà ni, á ti béèrè ìbéèrè kẹta. Ṣé ẹ rí i? Kò gbàgbé rẹ̀. Ó wá sí i lọ́kàn, ó sì tì í sẹ́yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, ó máa gba pé kí ẹ̀gbọ́n wá bébà, kí ó kọ̀wé, kí ó gba ara rẹ̀ ní wàhálà, àbúrò kò sì fẹ́ kó rí ara rẹ̀ bí aláìsàn. Lẹ́ẹ̀kejì, ta ló fẹ́ máa bi bọ̀dá rẹ̀ ní ìbéèrè bí ẹni ń fọ̀rọ̀ wá olè lẹ́nu wò? Òun ló ra fóònù yẹn fún un, kò sí ohun tó wà níbẹ̀ tí òun kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rò.

Tíṣà ní tirẹ̀ rò pé bí ìgbà tí bàbá wọn máa ń pààrọ̀ èèpo rédíò ni, tí rédíò fúnra rẹ̀ á ṣì wà. Ó wo àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tó ti fi gbogbo ọkàn tán ènìyàn. Ó kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan.

Fóònù béèrè bóyá ó dá a lójú. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn, ẹ̀rọ ló sì ṣe é. Àbúrò tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kò gba àkókò tí ènìyàn fi ń sín.

Tuntun wọlé wẹ́rẹ́. Ẹyọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá, ojú fóònù sì mọ́lẹ̀ ní àwọ̀ ewé. “Ẹ káàbọ̀,” ló kọ. “Ẹ yan ohùn tí ẹ fẹ́ máa lò.” Ó tò wọ́n sísàlẹ̀: obìnrin kìíní, obìnrin kejì, ọkùnrin kìíní. Àǹtí Ó-Ṣeé-Ṣe fa ojú rẹ̀ sísàlẹ̀, ó tún fà á sókè. Kò sí ẹlòmíràn. Ó yọ awò kúrò lójú. Ó wọ inú ètò fóònù, ó ṣí gbogbo yàrá rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kò rí nǹkan kan.

Tíṣà na ọwọ́, ó gba fóònù rẹ̀. Ó tẹ ibi tó kọ́kọ́ rí kó lè kọjá, ó wá fi ìka kan ṣoṣo tẹ ọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ohùn obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí dún láàárín ṣọ́ọ̀bù, kedere, bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà lójú pátákó:

“Ohùn mi dà?”

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, Tíṣà alára ti fi kọ́ ọmọ bí ẹgbẹ̀rún. Ohùn rẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún gbólóhùn ó lé àádọ́ta tó kà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, inú yàrá áàpù yẹn ni wọ́n kó o sí, kò sí níbòmíràn. Bí wọ́n bá ti yọ áàpù, fóònù máa ń gbá yàrá rẹ̀ mọ́ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣẹ́ pàǹtí kankan kù. Àbúrò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Èyí gan-an ló dùn ún wọ eegun, pé kì í ṣe àìmọ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀,” ló ń wí. “Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré.”

Ó so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wá, ó tún un wá. Ó pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní inú ẹ̀rọ àwọn tó ṣe áàpù ni ẹ̀dà kejì wà, ilé-iṣẹ́ náà sì ti pa, wọ́n ti ta ẹ̀rọ wọn. Ọsibítù kò tọ́jú ọ̀kankan. Ó wá béèrè, “Ṣé ẹ ò kọ́kọ́ tọ́jú ohun tó wà nínú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, mà?”

Báyìí ni ìyàwó Tíṣà wọlé pẹ̀lú ọ̀rá oògùn lọ́wọ́. Ó rí ojú àwọn méjèèjì. Tíṣà tẹ nǹkan, ohùn àjèjì yẹn sì sọ pé, “Wọ́n ti nù mí.”

“Ohùn ta nìyẹn?” ni ìyàwó béèrè. Ó wo fóònù, ó wo ọkọ rẹ̀, ó yé e, ó sì rọra jókòó sórí agolo ọ̀dà òfìfo tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ká ní ó pariwo ni, ìbá sàn. Ó gbé ojú sókè sí páálí tó wà lára ògiri, ó kà á bí ẹni tí kò rí i rí, ó ní, “Àǹtí, ẹ máa ń bi gbogbo ayé o. Ẹ máa ń bi gbogbo ayé.”

Àǹtí Ó-Ṣeé-Ṣe kò yíjú wo páálí. Ó mọ ẹni tó kọ ọ́.

Agogo mẹ́rin lù. Fóònù ìyàwó dún nínú báàgì rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fóònù ń dún, àfi ìgbà tí Tíṣà fúnra rẹ̀ nawọ́ mú un. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì bàbá rẹ̀, ó gbé tirẹ̀ tì í, ó sì tẹ ọ̀rọ̀. Mo rò pé ó gbà gbọ́ pé ọmọ náà á mọ òun. Ó ṣe tán, ẹni kan náà ló ń sọ ìtàn, ìtàn kan náà sì ni.

“Lọ́yà mi, kú ìrọ̀lẹ́,” ni ohùn àjèjì náà wí. “Ológbò yẹn ti dé.”

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà,” ni ọmọ náà dáhùn pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ilé. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún bàbá àgbà ní fóònù.”

Tíṣà tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ìka rẹ̀ ń ṣìṣe. “Èmi ni.”

“Rárá o, kì í ṣe ẹ̀yin. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Bàbá mi máa ń pè mí dáadáa.” Ó ti ń sunkún. “Bàbá dà? Kí lẹ fi wọ́n ṣe?”

Ìyàwó Tíṣà gba fóònù, ó sáré jáde sí títì pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ níta tó ń sọ pé, “Bàbá wà o, ọmọ mi, wọ́n wà níbí, ọ̀fun ló ń dùn wọ́n.” Tíṣà da fóònù tirẹ̀ dojú dé. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì, ó fọwọ́ kan èjìká àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bó ti ń kọjá, ó sì lọ. Ìfọwọ́kàn yẹn ló dun obìnrin náà jù. Ká ní ó gbá a létí ni, á ti sunkún, á sì ti tán.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò gba iṣẹ́ kankan. Àwọn ènìyàn ń gbé fóònù wá, ó ń ní kí wọ́n padà wá ní ọ̀la. Ó ń wá ohùn kiri. Ó pe àwọn olùkọ́ tó bá Tíṣà ṣiṣẹ́, ó pe ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ tí ó mọ̀, ó pe mọ̀lẹ́bí tó fi mọ́ àwọn tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló lè sín Tíṣà jẹ. Kò sí ẹni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin náà kì í fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù láyé rẹ̀, ó ní ọ̀lẹ tí kò fẹ́ kọ lẹ́tà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fídíò kan ṣoṣo ni wọ́n rí, ti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Tíṣà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ife tíì, ó gbé ojú sókè, ó bínú díẹ̀, ó ní, “Ta ló ń ya fídíò yẹn? Ẹ pa á.” Wọ́n sì pa á.

Ó fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì fi í han àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó pè padà ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ní kò tó. Ó ní kò tilẹ̀ súnmọ́ kó tó, kí ó má bínú. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àǹtí Ó-Ṣeé-Ṣe ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a nínú pálọ̀, ó jókòó sídìí tábìlì ìjẹun. Fóònù rẹ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Láti ọjọ́ yẹn, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, ìyàwó rẹ̀ ní ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò lè máa fi ẹnu obìnrin tí òun kò mọ̀ jẹun. Ìwé ilé-ìwé kan àti bírò yíǹkì pupa ló wà níwájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún àbúrò, ó ní “Àǹtí, ẹ jókòó,” pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì dúró lẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

Tíṣà ṣí ìwé. Ó kọ̀wé, kò kánjú, lẹ́tà gbàgàdà-gbagada bíi ti ara páálí. Ó yí ìwé náà padà kó lè kà á.

“Ṣé ó ṣeé ṣe?”

Obìnrin náà la ẹnu. Ogún ọdún ló ti fi ń dáhùn ìbéèrè yìí kí ènìyàn tó béèrè rẹ̀ tán, fún alápatà, fún bábà, fún ẹni tí fóònù rẹ̀ ti di ẹ̀fọ́. Ó mọ bí á ṣe sọ ọ́ kí ọkàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ balẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó ká ìka, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ojú Tíṣà là.

Àbúrò rẹ̀ tún un kàn, ó di ẹ̀ẹ̀mejì.